Òfin àyíká Ìpínlẹ̀ Èkó àti bí ará Ìkòròdú ṣe lè bi ìjọba léèrè

Ìdájọ́ òdodo lórí àyíká ni wọ́n ń pe èrò tó sọ pé kò yẹ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù ni gbogbo èéfín, àkìtàn àti omi ìdọ̀tí á máa já sí ṣáá, àti pé àwọn tó ń gbé àdúgbò kan gbọ́dọ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá síwájú ilé wọn. L'Ékòó, inú òfin ìjọba àpapọ̀, òfin ìpínlẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n pín fún káńsù ni ọ̀rọ̀ náà fọ́n ká sí, èèyàn á kàn máa ṣa á jọ ni. Ìkòròdú dáa láti fi wò ó, torí ibẹ̀ ni àwọn fáktọ́rì Odogunyàn wà, ibẹ̀ nilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn wà lápá Ìjẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni àkìtàn Ewu-Ẹlẹ́pẹ tí LAWMA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí pàǹtí, ń bójú tó wà, ọ̀sà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti Májídùn títí dé Bayékù.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Amẹ́ríkà lorúkọ yìí ti wá. Lọ́dún 1982, ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ tí kẹ́míkà PCB ti bà jẹ́ lọ dà sí Warren County, níbi tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, làwọn aráàlú bá lọ dùbúlẹ̀ sójú títì níwájú àwọn mọ́tò típà, ọlọ́pàá sì kó èèyàn tó lé ní 500. Wọ́n ṣì da yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún síbẹ̀ náà ni, àmọ́ ariwo ẹ̀ ò tán. Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan lórí ẹ̀ ní 1994, Donald Trump sì fagi lé e ní January 2025, ṣùgbọ́n òfin tí àwọn ìpínlẹ̀ bá fúnra wọn ṣe, ìwé àṣẹ ààrẹ ò lè pa á rẹ́.

California ló kọ́kọ́ kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà sínú òfin ìpínlẹ̀, ní 1999. Ní 2012 wọ́n ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n ń rí lórí ìwé àṣẹ èéfín tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà gbọ́dọ̀ ṣe àǹfààní fún àwọn àdúgbò tí ìyà ìdọ̀tí ń jẹ jù, nígbà tó di 2016 wọ́n tún ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ètò ìlú. Ti New Jersey, ọdún 2020, ló le jù lójú tèmi: tí fáktọ́rì tuntun bá máa dá kún ìnira tí àdúgbò mẹ̀kúnnù ti ń fara dà ju ti àdúgbò yòókù lọ, dandan ni kí ìjọba kọ ìwé àṣẹ ẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ nǹkan tí àdúgbò náà ò lè ṣe aláìní.

Tiwa ní Nàìjíríà, ìdọ̀tí òyìnbó ló jí wa lójú oorun. Ọdún 1988 làṣírí tú pé wọ́n ti ń kó kẹ́míkà olóró láti Ítálì wá pamọ́ sí Kókó, tó wà ní Bendel nígbà yẹn, tó ti di Delta báyìí. Ọdún yẹn náà nìjọba ológun dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀, òfin EIA tẹ̀lé e ní 1992, NESREA wá gba ipò FEPA ní 2007. Òfin EIA ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan ńlá kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tó máa ṣe fún ilẹ̀, omi àtàwọn èèyàn, wọ́n á wá gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn, sẹkitéríàtì káńsù sì wà lára ibi tí wọ́n máa ń gbé e sí. Ìwé gbàǹgbà ni o, òyìnbó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kún inú ẹ̀, ẹ wo ìyá tó ń yan ẹja ní Ìjẹ̀dẹ̀ tó máa wọ mọ́tò lọ jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní sẹkitéríàtì. Ẹ̀gbìn ní tiẹ̀, tó lágbára megawatt 1,320, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1985, òfin EIA ò tíì sí nígbà yẹn rárá.

Ohun tó wà nínú òfin

Abala 20 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ inú Orí Kejì ló wà, abala 6 sì ti sọ pé kóòtù ò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ tó bá dúró lórí Orí Kejì nìkan. Ibi táwọn lọ́yà ń gbà yọ ni ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, torí abala 24 ẹ̀ sọ gbangba pé gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dáa.

Òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lò jù l'Ékòó báyìí ni èyí tí Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fọwọ́ sí ní March 2017, tó kó àwọn òfin àyíká tó ti wà káàkiri jọ sójú kan. Ibẹ̀ ni agbára LASEPA wà, àwọn tó ń rí sí èéfín, omi ìdọ̀tí fáktọ́rì àti ariwo, LAWMA ló ni ti pàǹtí, àwọn agbófinró àyíká táráàlú ṣì ń pè ní Káì náà wà ńbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ti di LAGESC. Bí òfin yẹn ṣe jáde làwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti fárígá nítorí ibi tó fi ìyà sí gbígbẹ́ bòhóòlù àti títa omi láìgbàṣẹ, ọ̀rọ̀ náà sì kan Ìkòròdú dáadáa torí bòhóòlù àti kànga lọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Tí LASEPA bá ti fáktọ́rì pa, tí wọ́n sì bu fáìnì fún un, àpò ìjọba lowó yẹn ń lọ, ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì ò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ gba owó ìtanràn, àfi kóun náà lọ pẹjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí òfin California fi ju tiwa lọ gan-an nìyẹn, torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé lára owó ìwé àṣẹ èéfín gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fa èéfín símú.

Ta ló ni gọ́tà?

Tí omi bá wọ yàrá èèyàn ní Ìkòròdú, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ ni pé ọ́fíìsì wo lòun máa gbé ẹjọ́ lọ. Gọ́tà kéékèèké tó wà létí àdúgbò, ti káńsù ni. Kánààlì àtàwọn gọ́tà ńlá tó ń gbé omi lọ sọ́sà, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká ti ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Omi tó ń ya wọ Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú nígbà tí Odò Ògùn bá kún, ó lè jẹ́ pé dáàmù Ọ̀yán ni wọ́n ṣí, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni dáàmù yẹn wà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń ṣí i tó ń tì í. Káńsù á ní ti ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ á ní ti Àbújá ni, onílé á máa fi báàkẹ́tì gbọ́n omi.

Ọ̀rọ̀ wíwa yanrìn lọ́sà náà ò yàtọ̀. Ìjọba Èkó àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ fa odò mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí kóòtù tó ga jù nílẹ̀ yìí dájọ́ ní ọjọ́ 5 January 2024 pé NIWA ló láṣẹ lórí omi tí ọkọ̀ ń gbà láàárín ilẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé apẹja Bayékù tí wọ́n bá ń wa yanrìn níbi tó ń dẹ àwọ̀n sí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ òun ò parí sí Aláùsá.

Pàǹtí wá ni ìdí ọ̀rọ̀ gan-an. Àtòjọ iṣẹ́ káńsù tó wà lẹ́yìn òfin ilẹ̀ wa sọ pé àwọn ló ni kíkó ìdọ̀tí, ọjà, ilé ìpẹran àti gáréèjì, síbẹ̀ LAWMA ti ìpínlẹ̀ àtàwọn PSP, ìyẹn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló ń kó pàǹtí l'Ékòó. Ti Ìkòròdú tún wá lọ́jú pọ̀: ọdún 2003 ni wọ́n fi LCDA márùn-ún, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀, kún Ìkòròdú, ìyẹn Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Bayékù, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀ta, àmọ́ kóòtù tó ga jù sọ ní December 2004 pé Èkó láṣẹ láti dá wọn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdásílẹ̀ wọn ò tíì parí lábẹ́ òfin títí tí ilé aṣòfin àpapọ̀ á fi fọwọ́ sí i. Nínú ìwé òfin ilẹ̀, Ìkòròdú nìkan lorúkọ tó wà níbẹ̀ títí di báyìí. Nígbà tí kóòtù yẹn kan náà wá pàṣẹ ní ọjọ́ 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ìbéèrè tó yẹ kí ará Ìmọ̀ta bi alága ẹ̀ ni pé èló ló dé ọ̀dọ̀ tiwọn, báwo ló sì ṣe débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n léèrè

Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń sọ pé kò kan àwọn, kóòtù tó ga jù sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní April 2025. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó: kọ orúkọ ìwé tóo fẹ́ gan-an, bíi àbọ̀ àyẹ̀wò èéfín fáktọ́rì kan tàbí kọ́ńtíráàtì gọ́tà àdúgbò kan, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún ọ́fíìsì láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje míì kún un, tí wọ́n bá ṣi agbára lò láti fi du èèyàn, fáìnì ẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà. Ẹni tí ò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíì, tó bá sì fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kéèyàn mú lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí ọ̀kan, kó gbé e padà wálé, torí ìwé olóǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n gba lẹ́tà ẹ̀.

Déètì yẹn tún wúlò fún nǹkan míì. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù mẹ́ta péré lèèyàn ní láti fi pe wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Tí ìpalára náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìgbà tó bá dáwọ́ dúró ni oṣù mẹ́ta á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, lọ́yà tó bá mọṣẹ́ ló máa rántí ìyẹn. Ẹjọ́ púpọ̀ ló ti kú síbí láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ bí gọ́tà ṣe rí rárá.

Àmọ́ àwọn kan ti jàre. Ní 2016 Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá obìnrin kan láre tí wọ́n mú l'Ékòó pé ó rìn lọ́jọ́ ìmọ́tótó, kóòtù ní kò sí òfin tó ní kéèyàn jókòó sílé, ọdún náà nìjọba ìpínlẹ̀ sì fagi lé ìmọ́tótó oṣooṣù. Nígbà tó di July 2018, kóòtù tó ga jù gbà fún ẹgbẹ́ kan tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ epo pé kó pe NNPC lẹ́jọ́ lórí odò tí epo bà jẹ́ ní Abia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ò ní oko tàbí ilé níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí nǹkan bá bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ gan-an nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká náà lẹ́nu ní kóòtù.

Ògíjó wá kù. Ará Ìkòròdú mọ ibẹ̀ bí ẹní mọwó torí ó fara kan wọn, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, ibẹ̀ sì ni àwọn fáktọ́rì kan ti ń yọ́ òjé látinú bátìrì tó ti kú. Agbára LASEPA ò dé ibẹ̀, OGEPA tó wà l'Ábẹ́òkúta ni ti ìpínlẹ̀ Ògùn, NESREA nìkan ló láṣẹ nípìnlẹ̀ méjèèjì, torí náà ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú tí èéfín Ògíjó ń bá nínú ilé, NESREA ni kó kọ lẹ́tà sí, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí OGEPA.