Mọ́nítọ̀ iná: kí ló ń wọ̀n, èwo ló sì yẹ kí ẹ rà?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà, ti gbé owó iná àwọn oníbáńdì A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù fún lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà lórí yúníìtì kan, ìbéèrè kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀: kí ló jẹ káàdì tán? Ìyàwó ní èèsì ni, ọkọ ní fìríìsà ni, àwọn ọmọ ní àwọn ò tan nǹkan kan. Mọ́nítọ̀ iná, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọ̀n iye iná tí nǹkan ń jẹ, lè bá yín dá ẹjọ́ yẹn. Àmọ́ oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́rìí sí yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya wáàtì sọ́tọ̀ kúrò lára yúníìtì. Wáàtì ni agbára tí nǹkan ń fà lójú ẹsẹ̀. Yúníìtì tí ẹ ń rà ni wọ́n ń kọ bíi kWh sára mítà: 1,000 wáàtì fún odindi wákàtí kan. Ẹ ki ríǹgì 1,000 wáàtì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Gílóòbù 10 wáàtì máa tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ iye kan náà. Kẹ́tùlù 2,000 wáàtì ń dẹ́rù bani létí, ṣùgbọ́n bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà se omi, 0.2 yúníìtì péré ló jẹ. Nítorí náà, mọ́nítọ̀ tó bá ń fi wáàtì nìkan hàn, tí kì í ro kWh pọ̀ fún yín, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìwà fìríìjì ló jẹ́ ká nílò ìṣirò yìí jù. Wọ́n lè kọ 150 wáàtì sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi 24 wákàtí ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ á ní 3.6 yúníìtì ló ń jẹ lójúmọ́. Irọ́ ni. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ á ṣiṣẹ́, á dákẹ́, á tún gbéra. Bó bá ń sinmi fún ìdajì àkókò, 1.8 ni. Bí rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ bá ti gbó tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé, kò ní sinmi mọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí owó á fi tán.

Mọ́nítọ̀ tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń rí irú èyí. Ẹ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki púlọ́ọ̀gì fìríìjì sínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Irú Tapo P110 ti TP-Link, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta bí tiwa, á máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí fóònù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ńǹkan kan ṣoṣo ló ń wọ̀n, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 13 ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà. Pọ́ńpù omi àti èèsì tí wọ́n so wáyà rẹ̀ tààrà kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: 120 fọ́ltì ni iná tiwọn, 230 ni tiwa. Èyí tí kò bá gba 220 sí 240, èéfín ló máa rú. Ẹni tó wà ní London ò tiẹ̀ ní láti ra ńkankan kó tó wo ti gbogbo ilé. Wọ́n máa ń fún wọn ní awò kékeré tó ń fi owó iná hàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá wá gbé smart meter, mítà tó ń fi iye iná ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, sí ilé wọn.

Ti gbogbo ilé níbí, ọlọ́rùka ni. Ó dà bí òrùka tó ń ṣí lẹ́nu, a máa ń fi í há wáyà ńlá tó wọlé láìgé e. Iná tó ń kọjá nínú wáyà ń dá agbára òòfà sílẹ̀, òrùka ń kà á. Láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, nìkan ni kí ẹ fi í há o. Bí láìfù àti níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, bá jọ wà nínú rẹ̀, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́, òdo ni ẹ máa rí, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín. Bí fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta bá wọ ilé, òrùka mẹ́ta.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí: ampere nìkan ni òrùka ń rí. Kó tó lè sọ wáàtì, ó gbọ́dọ̀ mọ fọ́ltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná náà lọ. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í wọ̀n ọ́n, wọ́n kàn ń gbà pé 230 ni. Ṣé ẹ mọ háàfù kọ́rẹ́ǹtì? Bí iná bá wálẹ̀ sí 160, tí ilé ń fa ampere 5, bíi 800 wáàtì ni ẹ ń lò, òun á ní 1,150. Nǹkan tó ní mọ́tò, bíi fáànù àti fìríìjì, tún máa ń fa ampere ju èyí tí mítà ń gba owó rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè bóyá ó ní wáyà tirẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ láìfù àti níútírà láti wọ̀n fọ́ltéèjì. Bí kò bá ní, ẹ má rà á.

Àwọn kan wà, bíi Sense ní Amẹ́ríkà, tó ń gbìyànjú láti fi bí iná ṣe ń lọ sókè sódò dá fìríìjì mọ̀ yàtọ̀ sí èèsì. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ó fẹ́ kí iná dúró kó tó kọ́ ìwà ilé. Níbi tí NEPA ń mú iná lọ, tí a ń yí sí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà, mi ò ní náwó sí i. Ohun tí mo máa náwó sí ni èyí tó ní ojú tirẹ̀ tí a ti ń ka nọ́ńbà, tí kì í gbàgbé àròpọ̀ rẹ̀ bí iná bá lọ, nítorí Wi-Fi náà á bá iná lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo mítà bí kì í bá ṣe orí òpó ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n á kọ 1000 tàbí 1600 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú fún yúníìtì kan. Ẹ pa gbogbo nǹkan àfi ẹyọ kan, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí iná yẹn bá ṣẹ́jú títí di ìgbà tó bá tún ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ 1000, ẹ fi iye yẹn pín 3,600. Bó bá jẹ́ 1600, ẹ fi pín 2,250. Àáyá 24 lórí 1000 túmọ̀ sí 150 wáàtì.

Inú àpótí DB, ibi tí iná ti ń pín sí inú ilé lẹ́yìn mítà, ni òrùka ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì já síìlì mítà. Ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ jọ ń lo mítà kan, fóònù kò lè parí ìjà yín, torí ẹni tó ni fóònù nìkan ló ń rí i. Sub-meter olójú, mítà kékeré tó wà lábẹ́ mítà ńlá, ni kí ẹ rà, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so ó mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ilé ti lè kà á.