Bí ilé-ìwé charter ṣe yẹ kó dáhùn nígbà tí ará ìlú bá béèrè ìwé: ọ̀nà ti California

Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé charter ní Amẹ́ríkà. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń san owó oṣù olùkọ́ ibẹ̀, àmọ́ ìgbìmọ̀ olùdarí tirẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ tí àjọ ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò sábà máa ń fọwọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àjọ tí kì í ṣe fún èrè ló wà nídìí rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa sọ fún ọdún pípẹ́ pé àwọn kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba, pé òfin tó ní kí ìjọba ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìlú kò kan àwọn. Ní California, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Ní ìparí ọdún 2018, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà sọ pé òfin mú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí òfin SB 126, èyí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020, California Public Records Act kan ilé-ìwé charter àti àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi pamọ́. Ẹnu ọ̀nà ni. Òfin kò ní kí ẹni tó ń béèrè kún fọ́ọ̀mù kankan, kò tilẹ̀ ní dandan ni kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òbí kan bá dúró níwájú akọ̀wé tó ní òun fẹ́ rí kọ́ńtíráàtì àwọn tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ìbéèrè lábẹ́ òfin nìyẹn. Bí oníròyìn bá kọ ìlà méjì ránṣẹ́ sí ímeèlì olùkọ́ ìṣirò, ìbéèrè ni. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé òun ń béèrè lábẹ́ FOIA, òfin tó jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ló kàn. Ilé-ìwé kò gbọdọ̀ torí ìyẹn dá a padà. Ohun tí ènìyàn ń wá ni kí wọ́n wò, kì í ṣe orúkọ òfin tó pè. Ilé-ìwé lè ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó tilẹ̀ wúlò kó ní, àmọ́ kò lè fi ṣe dandan.

Wọn kì í sì í béèrè ìdí. Ohun tí ènìyàn fẹ́ fi ìwé ṣe kò kan ilé-ìwé lábẹ́ òfin yìí, kì báà jẹ́ òbí tí inú ń bí, lọ́yà tó ń múra ẹjọ́, tàbí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Kò pọn dandan kó jẹ́ olùgbé àdúgbò, kò pọn dandan kó sọ orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé tó bi í pé “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” lè má ní èrò ibi kankan lọ́kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lè di ohun tí wọ́n máa kà síta ní kóòtù.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ kò le. Ilé-ìwé á yan ẹnì kan tí gbogbo ìbéèrè ń lọ bá, á yan igbákejì tó máa dúró fún un bí kò bá sí nílé, á sì ṣí àdírẹ́sì ímeèlì kan tí àwọn méjèèjì lè wọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù, títí kan awakọ̀ àti olùtọ́jú ọgbà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n nílò láti mọ̀: ìbéèrè kò gbọdọ̀ sùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá wọlé náà ni kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹni yẹn á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: ọjọ́ tó dé, ohun tí wọ́n béèrè ní ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè gan-an, ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ jáde, ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n dá dúró àti apá òfin tí wọ́n gbé e lé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ dá pípa ímeèlì rẹ́ dúró. Bí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé bá ń pa ímeèlì tó ti pẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ìbéèrè dé ni ọjọ́ kìíní. Èyí tó wọlé ní Mọ́ńdè ọjọ́ kẹta oṣù, Tọ́sìdeè ọjọ́ kẹtàlá ni gbèdéke rẹ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú ìṣirò náà. Kìkì bí ọjọ́ kẹwàá fúnra rẹ̀ bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba ló máa sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e. Họlidé ọlọ́jọ́ gígùn kò dá a dúró. Oṣù Keje, tí ọ́fíìsì ti wà ní títì tí ọ̀gá ilé-ìwé ti rìnrìn àjò, ló ti pa ọ̀pọ̀ lára, torí náà àdírẹ́sì ímeèlì yẹn gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń wò ó nígbà họlidé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kì í ṣe gbèdéke láti kó gbogbo ìwé jáde. Gbèdéke láti dáhùn ni. Ìdáhùn náà á sọ bóyá ilé-ìwé ní ohun tí wọ́n béèrè, bóyá ó máa fi sílẹ̀ lódindi tàbí lápá kan, ìdí rẹ̀, àti ọjọ́ tó rò pé ìwé á wà ní sẹpẹ́. Ilé-ìwé tó ń dúró kí gbogbo ìwé pé kó tó kọ̀wé padà máa ń rú òfin láìmọ̀, nígbà tí lẹ́tà olójú ìwé kan ì bá ti gbà á là. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kún un, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó pé, pẹ̀lú ìdí tí òfin mọ̀, bí àpẹẹrẹ: pé ìwé wà ní ibòmíràn tí kì í ṣe ọ́fíìsì náà, pé wọ́n pọ̀ jọjọ, pé ó yẹ kí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, tàbí pé wọ́n ní láti ṣètò kọ̀ǹpútà kó tó lè fa ìsọfúnni náà jáde. “Ọwọ́ wa dí” kò sí lára wọn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àwòṣe lẹ́tà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti tún nọ́ńbà òfin náà tò. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 6250 tẹ́lẹ̀ ti di 7920.000 sókè nínú Government Code, àkójọ òfin ìpínlẹ̀ náà lórí iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́tà tó ṣì ń tọ́ka sí nọ́ńbà àtijọ́ ń fi hàn pé kò sẹ́ni tó ṣí òfin wò, lọ́yà tó bá gbà á á sì ti mọ irú ẹni tó ń bá jà.

Ìbéèrè tó fẹ̀ jù ń fẹ́ sùúrù. Ká ní ẹnì kan béèrè “gbogbo ímeèlì nípa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé”. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà “bus” wá inú àpótí ímeèlì ogójì òṣìṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á jáde, ọ̀pọ̀ á sì jẹ́ ti òbí tó ń sọ pé ọmọ òun pẹ́ dé. Òfin ní kí ilé-ìwé ran olùbéèrè lọ́wọ́ láti dárúkọ ohun tó ń wá gan-an, kó sọ irú ìwé tó wà àti ibi tí wọ́n wà fún un. Nítorí náà ìpè fóònù kan dára ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: ṣé owó tí wọ́n ń san fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni, àbí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀? Láti oṣù wo sí oṣù wo? Ímeèlì ta ni? Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, kí ilé-ìwé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Bí kò bá gbà láti dín in kù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí ilé-ìwé máa kó o fún un díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Wíwá ìwé kò parí sínú kábínẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California dá a ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ ìlú San Jose, pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba tó wà lórí fóònù tàbí ímeèlì tí òṣìṣẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà jẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba síbẹ̀. Ilé-ìwé kò ní láti gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ tàbí olùkọ́ náà wá a fúnra rẹ̀, kó kó ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ jáde, kó sì kọ ìwé ìbúra tó ṣàlàyé ìdí tó fi dá ìyókù dúró. Bákan náà ni ìwé ìṣirò owó tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Òfin kò gbà kí ilé-ìwé fi ẹlòmíràn ṣe ẹni tó ń pinnu bóyá ìwé á jáde. Kọ́ńtíráàtì gbọ́dọ̀ ti sọ pé ilé-ìwé ló ni ìwé wọ̀nyẹn, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa kó wọn wá.

Ìsúná, ìwé owó tí wọ́n san, kọ́ńtíráàtì, àdéhùn iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, iye tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí ló ń jáde. Ìwé tí wọ́n pín fún ọ̀pọ̀ jù nínú ọmọ ìgbìmọ̀ fún ìpàdé gbangba náà ń jáde, láìjẹ́ pé wọ́n dúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tó lè wà ní ìpamọ́ ni ọ̀rọ̀ láàárín ilé-ìwé àti lọ́yà rẹ̀, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́, ìbéèrè ìdánwò, àti ohun tó wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ tí gbígbé e síta máa jẹ́ títojú bọ ìgbésí ayé ẹni láìnídìí. Ẹ̀sùn tó wúwo, tí ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sábà wà ní ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́kọ ìwé kò fara pamọ́ kìkì nítorí pé wọ́n kọ “draft” sí i lórí.

Àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ló gba ìṣọ́ra jù. FERPA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1974, kò dáwọ́ dúró lórí orúkọ. Ohunkóhun tí ẹni tó wà ládùúgbò ilé-ìwé náà lè fi mọ ọmọ náà dájú wà lábẹ́ ààbò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé charter kéré, èyí sì mú kó nira sí i. Ní ilé-ìwé tó ní ọgọ́ta ọmọ, “ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹfà tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn” ti tó láti mọ̀ ọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Òbí tó ń béèrè fáìlì ọmọ tirẹ̀ kò sí lára ètò yìí rárá. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì yára jù: ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni California fún ilé-ìwé láti jẹ́ kó rí i.

Bí ìwé kan bá ní apá tó yẹ kó jáde àti apá tó yẹ ní pípamọ́, apá kejì nìkan ni wọ́n ń bò. Ibí ni ọwọ́ ti ń yọ̀. Òṣìṣẹ́ á ṣí PDF, á fa àpótí dúdú sórí orúkọ ọmọ, á fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á fi atọ́ka kọ̀ǹpútà fa ìlà náà, á dà á kọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé mìíràn, orúkọ á sì yọ, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ ni àpótí náà kàn jókòó lé. Irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú fáìlì ni kí wọ́n lò. Bí kò bá sí, kí wọ́n tẹ ìwé jáde, kí wọ́n fi máàkà dúdú bò ó, kí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ máa ń hàn lábẹ́ máàkà, kí wọ́n wá yàwòrán fọ́tókọ́pì náà sínú kọ̀ǹpútà. Nínú Excel, kí wọ́n wá òpó tí wọ́n fi pamọ́ àti ojú ìwé kejì. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ lè ní orúkọ ọmọ nínú. Kó tó jáde, kí ẹlòmíràn tí kò bá wọn ṣe é ṣí i, kó tẹ orúkọ ọmọ náà sínú àpótí ìṣàwárí.

Ní ti owó, wíwo ìwé ní ọ́fíìsì kò ní san nǹkan kan. Ẹ̀dà lè gba owó bébà àti ẹ̀rọ nìkan. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi wá ìwé tàbí tó fi bo ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti olùbéèrè. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tún fìdí èyí múlẹ̀ lórí ìwé orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2020, nínú ẹjọ́ ìlú Hayward.

Bí ilé-ìwé bá kọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú apá òfin tó dì mú, orúkọ àti ipò ẹni tó pinnu rẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì kan tí olùbéèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Kóòtù ló máa ń gbà lọ tààrà. Bó bá borí, ilé-ìwé ló máa san owó lọ́yà rẹ̀. Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń tọ́mọ ní Houston, ilé-ìwé tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ní láti béèrè ìpinnu lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àgbà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ní New York, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní láti fi fèsì.

Bí ohun tó yẹ ní pípamọ́ bá ṣèèṣì jáde, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó gbà á, kí wọ́n dárúkọ ojú ìwé náà, kí wọ́n ní kó dá a padà kó má sì pín in. Nínú ẹjọ́ ìlú Los Angeles ní 2016, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé ìwé lọ́yà tó ṣèèṣì jáde bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ààbò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ló jáde, òbí ọmọ náà ni kí wọ́n pè lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, lọ́jọ́ kan náà.