Ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: bí iná ṣe ń fọ omi aró

Lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Ògìdì Ìjùmú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kàmpálà kúrò nínú bàsíà ni. Omi tó ṣẹ́ kù pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dà á sẹ́yìn ògiri, nígbà tó di ọjọ́ kejì ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì pọ́n. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé kò ní í lọ ni?" Wọ́n ní, "Àwọ̀ tí kò ṣí lára aṣọ, ṣé ara ilẹ̀ ni yóò ti ṣí?"

Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Wọ́n ṣe aró òyìnbó kí ọṣẹ àti oòrùn má baà rí i gbé ṣe ni, kì í ṣe bí elú tí à ń gún. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń jẹ ìdọ̀tí inú omi kò lè fi eyín kàn án. Tí a bá sì sẹ́ ẹ, ohun tí asẹ́ gbà ṣì wà níbẹ̀, a óò ṣì wá ibi dà á sí.

Ohun tó lè fọ́ irú aró bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni èérún bíńtín tó ń rìn nínú wáyà tí gílóòbù fi ń tàn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n, òun ló ń yìn lu gíláàsì láti ẹ̀yìn kí àwòrán tó hàn. Ẹ̀rọ tó ń fọ omi ń yìn ín bákan náà, àmọ́ agbára rẹ̀ lè tó fóòtì (volt) mílíọ̀nù kan. Bó bá wọnú omi, omi fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fọ́. Nínú èyí tó fọ́ ni èérún kan tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical ti ń jáde. Nǹkan kan dín lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Bó bá kan aró, oríkèé aró já. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí. Ohun tó kù ti wẹ́ tó fún kòkòrò láti jẹ.

Ṣùgbọ́n ìtànṣán yìí kì í wọlé jìn, kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tú omi náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a ṣe ń sá láfún sórí àpáta: bó bá nípọn, inú kò ní gbẹ.

Ní ìlú Daegu, ní Gúúsù Kòríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ omi àwọn iléeṣẹ́ aláró ní 2005, lítà mílíọ̀nù 10 lójúmọ́. Ẹ ka tánkà onílítà 10,000 dé ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2020, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Guangdong, ní Ṣáínà, tó ń fọ ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn.

Ẹ má fòyà pé omi náà yóò di olóró bíi ti bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n pa ẹ̀rọ, ìtànṣán tán. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń mú ẹ́ksíréè jáde, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ògiri kọnkéré tó nípọn yí i ká.

Mọ́mì bi mí pé iná mélòó ló ń jẹ. Agbára ti Daegu tó kìlówáàtì 400. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kò tó kìlówáàtì kan.