Oríta ni pátákó ń gbé

Bí ẹ bá wọ ọsibítù ńlá kan, ẹ fi pátákó gàgàrà ẹnu géètì sílẹ̀ ná. Bébà ni kí ẹ wò: bébà funfun tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, tí igun rẹ̀ kan ti ká, tí wọ́n fi bírò pupa kọ sára rẹ̀ gàdàgbà pé, "IBÍ KỌ́ NI WỌ́N TI Ń GBA OÒGÙN." Inú ẹni tó kọ ọ́ kò dùn. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, tí kò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn tó ń ṣètò àmì ìtọ́sọ́nà inú ilé kì í fojú yẹpẹrẹ wo irú bébà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọsibítù àtijọ́ kan fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ rìn ín yíká, wọ́n á máa ya fọ́tò àwọn bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ibi tí bébà bá wà, ibẹ̀ ni ètò ti já.

Àwọ̀ wo ló dáa, ṣé pílásítíìkì ni àbí alumíníọ̀mù, irú lẹ́tà wo ló wuyì: ẹni tó ń ta pátákó yóò sọ gbogbo ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un. Ohun tó ń bíni nínú ni èrò pé ìgbà tí wọ́n bá kọ́lé tán, tí wọ́n kùn ún tán, ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ pe oníṣẹ́ pátákó pé kó wá wo ibi tí ògiri ti ṣófo. Pátákó kì í gbé ibi tí ògiri ti ṣófo. Oríta ló ń gbé.

Ẹ wo àlejò tó ń ti Dùgbẹ̀ lọ sí UI n'Íbàdàn. Kì í dúró sáàárín títì gbọọrọ kó máa bèèrè ọ̀nà. Tó bá dé Mọ́kọ́lá, tí ọ̀nà pín, ìgbà náà lá wọ̀tún wòsì, tá wá ẹni tó máa bi. Ẹni tó gbọ́n ò ní ka gbogbo Ìbàdàn sí i létí. Á ní, "Ẹ gba ọ̀nà Sángo. Tẹ́ ẹ bá dé Sángo, ẹ tún bèèrè." Ó parí. Bí ọ̀nà bá wá gùn díẹ̀ tí ọkàn àlejò ò balẹ̀, á bi oníbọ̀ọ̀lì kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọ̀nà Sángo rèé?" Oníbọ̀ọ̀lì á mirí, àlejò á máa lọ. Gbogbo irú pátákó tí ilé ńlá nílò ló wà nínú ìrìn yìí: èyí tó ń yà èèyàn sọ́tùn-ún tàbí sósì ní oríta, èyí tó kàn ń sọ pé "ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà," àti èyí tó ń sọ pé "ẹ ti dé." Ẹnìkan tún wà o, tí wọ́n bi ní ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ilé aláwọ̀ búlúù kan àti igi máńgòrò, tí àlejò fi gbàgbé èyí tó kọ́kọ́ sọ. Òun ni pátákó ẹnu ọ̀nà tó ní ìlà mẹ́rìnlélógún. Ẹni tí kò tiẹ̀ mọ ọ̀nà, tó ṣáà ń nawọ́ kí wọ́n má baà sọ pé kì í ṣọmọ àdúgbò, òun ni pátákó ẹ̀ka tó ti kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò yọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, orí pulánì ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú ìrìn aláìsàn kan: géètì, ibi káàdì, ọ̀dọ̀ dókítà, ibi tí wọ́n ti ń sanwó, láàbù, ibi oògùn. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti pín, tí àtẹ̀gùn bá ti bẹ̀rẹ̀, tí lífìtì bá ti ṣí, wọ́n á to àmì sí i, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Nínú ìwé mìíràn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á ní ìlà tirẹ̀: ohun tí pátákó yẹn máa sọ, ibi tó máa kọjú sí, apá ibi tí ọfà rẹ̀ máa nà sí. Òfin kan ló le jù níbẹ̀: orúkọ tí oríta kìíní bá dá, oríta kejì àti ìkẹta, títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀. Bí "Láàbù" bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì tó wá pòórá lẹ́ẹ̀kẹta, aláìsàn ò ní gbà pé pátákó ló ṣe àṣìṣe. Á rò pé òun lòun ṣìnà, á sì yí padà sẹ́yìn.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ ni orúkọ. Ìwé tí dókítà kọ lé aláìsàn lọ́wọ́ ní "Radiology," pátákó ní "Imaging," nọ́ọ̀sì ní "Ẹ lọ ya ẹ́síréè," mègádì ní "Ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun yẹn ni, mà." Ibì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùṣètò tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n mú ẹyọ kan, kí ìwé, tẹlifóònù, pátákó àti ẹnu òṣìṣẹ́ jọ máa pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kì í sábà fẹ́. Oyè gígùn ló ń wù wọ́n, àfi bí ẹni pé pátákó jẹ́ oríkì. Ìyá àgbà tó mú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dání kò wá gbọ́ oríkì ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù nílẹ̀ Yorùbá, "Haematology" ni wọ́n kọ síbi tó ń wá, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni "Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀" kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

Wọ́n á ní, "Ṣebí abèèrè kì í ṣìnà?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1990, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Craig Zimring ṣírò ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ń ná ọsibítù Yunifásítì Emory ní Atlanta, l'Amẹ́ríkà. Ó lé ní 220,000 dọ́là lọ́dún, nínú èyí tí owó wákàtí tó lé ní 4,500 wà, ìyẹn àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìtọ́sọ́nà fi ń júwe ọ̀nà. Iṣẹ́ èèyàn méjì gbáko nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ọ̀hún.

Tí wọ́n bá ti yanjú oríta, ó ku ilẹ̀kùn. Ìlànà ADA, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ti ọdún 2010, ní gbogbogbòò, ní kí orúkọ iyàrá tí wọ́n fi lẹ́tà tó yọ sókè kọ, èyí tí ìka lè kà, wà lára ògiri lápá ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà, kí ìdí lẹ́tà sì wà láàárín ínṣì 48 sí ínṣì 60 láti ilẹ̀. Afọ́jú tó mọ̀ pé ibi kan náà ni orúkọ ń wà káàkiri ilé ò ní máa fọwọ́ tá ògiri kiri. Bó bá sì jẹ́ ojú ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, ibi tó ti ń fi ìka kà á lọ́wọ́ ni ẹni tó wà nínú ilé á ti ti ilẹ̀kùn lù ú nímú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ríran náà. Níbi tí ooru ti ń mú, tí wọ́n ń fi òkúta tàbí àpótí dá ilẹ̀kùn dúró ní ṣíṣí láti àárọ̀, orúkọ tó wà lójú ilẹ̀kùn ti kọjú sí ògiri kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé. Dókítà wà nínú ilé, ó ń retí. Aláìsàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ka orúkọ ara àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní títì.