Àwọn Júù Kò Jókòó De Ikú

Bí ọ̀rọ̀ Hitler bá ti jáde, ẹnì kan á béèrè pé: “Ṣebí àwọn Júù rí i pé ìlú ti ń gbóná, kí ló dé tí wọn ò sá?” Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí, torí wọ́n sá. Láti 1933 títí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó ju ìdajì àwọn Júù Jámánì lọ tó kúrò nílùú. Àwọn tó kù náà ń kanlẹ̀kùn káàkiri, wọn ò rí ẹni ṣí i fún wọn ni.

Ẹni tó bá ti wá físà rí á tètè lóye. Ìjọba Nazi, ti Hitler, á kọ́kọ́ gba èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá ẹni tó fẹ́ lọ, débi pé márkì 10 péré, owó Jámánì, ló lè mú jáde lówó. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n á ní àwọn ò gba òtòṣì. Ẹni 27,370 ni Amẹ́ríkà ń gbà lọ́dún láti Jámánì àti Austria. Ní àárín 1939, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lé ní 300,000. Orílẹ̀-èdè 32 ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ wọn ní Évian, ní ilẹ̀ Faransé, ní July 1938. Àánú pọ̀ lẹ́nu wọn, àmọ́ Dominican Republic nìkan ló ní òun á gba ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ wo Otto Frank, bàbá Anne, ọmọbìnrin Júù tí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ lókìkí. Ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni pé ó fara pa mọ́ ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Netherlands. Ọkùnrin yìí ti sá kúrò ní Jámánì láti 1933. Ó forúkọ sílẹ̀ fún físà ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó wà ní Rotterdam, ní Netherlands kan náà, ní 1938. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì sun ọ́fíìsì náà tìwé-tìwé ní May 1940. Ní April 1941, ó kọ̀wé sí Nathan Straus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, pé kó bá òun fi 5,000 dọ́là dógò. Ó ní nítorí àwọn ọmọ ni, pé ọ̀rọ̀ tòun àti ìyàwó òun kò tó nǹkan. Àwọn àna rẹ̀ tó wà níbẹ̀ náà gbà láti ṣe onídùúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti àwọn ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó wà ní ilẹ̀ tí Nazi ń ṣàkóso pa.

Ó bá kọjú sí Cuba. Físà kan ṣoṣo, tirẹ̀ nìkan, jáde ní December 1, 1941. Ọjọ́ kẹwàá ẹ̀yìn rẹ̀ ni Jámánì kéde ogun sí Amẹ́ríkà, ni Cuba bá fagi lé e.

Ní July 1942, ìwé dé pé kí Margot, ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹni ọdún 16, wá lọ sí àgọ́ iṣẹ́ ní Jámánì. Ọjọ́ kejì ni bàbá yìí kó ìdílé rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ló là á já.