Ilẹ̀ Yìí Dára: Kí Ló Dára Fún?

Lóṣù kẹsàn-án, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí, eruwà á ti ga ju orí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà á sì fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀. Kó padà wá lóṣù kejì ọdún. Iná ti jó pápá, eérú ló kù, òkúta ti yọrí, igi emi àti igi igbá sì dá dúró káàkiri bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lójú. Ilẹ̀ kan náà ni. Àwọn tó ń fi àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe kì í gba ìkankan nínú méjèèjì gbọ́, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ ihò.

Ìlànà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé jáde ní 1976 ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń tẹ̀ lé. Ìlànà yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ilẹ̀ yìí dára” kó sì dákẹ́. Ó dára fún kí ni? Àgbàdo ni àbí màlúù, àbí igi tíìkì? Àkùrọ̀ tí omi ń dúró sí lè gba S1, ìyẹn ipò tó yẹ jù lọ, fún ìrẹsì. Kajú tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ á kú, N ni àkùrọ̀ yẹn máa gbà fún kajú. Láti S1 dé S3 ni ilẹ̀ tó yẹ, bí wàhálà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. N ni èyí tí kò yẹ.

Iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú oko. Àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ya á. Lónìí sátẹ́láìtì ló pọ̀ jù. Landsat ti wà lókè láti 1972, Sentinel-2 bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán àwọn méjèèjì. Lórí àwòrán yìí ni wọ́n ti ń pín ilẹ̀, kì í ṣe sí oko lágbájá àti oko tàmẹ̀dò, bí kò ṣe bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe tò: ibi tí òkè olókúta wà, ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìpadò. Àwọn ará Ọsirélíà ló lo ọ̀nà yìí ní ọ̀dàn àríwá ilẹ̀ wọn ní 1946, ó sì tàn kálẹ̀ dé Áfíríkà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé bí ìtò kan náà bá ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, kò sídìí láti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ yan ìlà kan láti orí òkè dé etí odò, kí ẹ gbẹ́ ihò níbi mélòó kan lórí rẹ̀.

Ihò yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ó máa ń jìn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, bí òkúta bá gbà. Oníṣẹ́ á wọ inú rẹ̀, á fi ọ̀bẹ ha ògiri rẹ̀, á bu ilẹ̀ díẹ̀, á bomi sí i, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i bí ẹni ń yí òwú àtùpà. Bó bá fọ́n ká, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Bó bá gùn bí okùn, tó sì ṣeé tẹ̀ bí òrùka láìkán, amọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, àwọ̀. Ilẹ̀ pupa ń sọ pé omi ń rí ọ̀nà lọ. Eérú-eérú tí àmì bí ìpẹtà wà lára rẹ̀ ń sọ pé omi máa ń dúró níbẹ̀ lọ́dọọdún, kódà bó jẹ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gbẹ́ ihò tí gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Òjò á ti lọ tán, àmì rẹ̀ á ṣì wà.

Wọ́n tún ń wo bí ilẹ̀ ṣe jìn tó kí ọkọ́ tó dún kàn-án lórí òkúta pupa líle tí gbòǹgbò kò lè gbà kọjá. Àwọn tó yẹ ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 1962, fi orúkọ ìlú pe oríṣi ilẹ̀: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Apòmù, Gàm̀bàrí. Títí dòní, tí onímọ̀ ilẹ̀ nílẹ̀ wa bá ní “Apòmù ni,” ilẹ̀ oníyanrìn tó jìn nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń sọ, ibi yòówù kí ó ti rí i.

Ti omi tún yàtọ̀. Iye òjò ọdún nìkan kò sọ púpọ̀. Iye ọjọ́ tí ohun ọ̀gbìn fi lè rí omi mu ni wọ́n ń kà: ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti tó ìdajì ohun tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fà lọ, ó sì parí nígbà tí òjò kò bá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tí èyí tí ilẹ̀ fi pamọ́ náà sì tán. Ilẹ̀ tí kò jìn kì í fi nǹkan pamọ́. Nínú gbogbo èyí, ohun tó burú jù ló ń dájọ́. Ilé tí ògiri rẹ̀ mẹ́ta ga, tí ìkẹrin mọ lórúnkún, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ á gbà wọlé.

Fún ìjẹko, ìṣirò ni. Màlúù tó wọn 250 kílò ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ó sì ń jẹ koríko gbígbẹ bíi kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi 2,280 kílò lọ́dún. Ká ní hẹ́kítà kan ń mú 2,000 kílò jáde. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n pín, ìdá kan péré ló wà fún màlúù, torí ẹsẹ̀ á tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, ikán á jẹ, gbòǹgbò náà sì ní láti rí nǹkan fi hù padà. Màlúù kan á gba hẹ́kítà mẹ́ta lé díẹ̀. Ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà kò gbà ju bíi 29 lọ. Ìyẹn gan-an, lórí ìwé ni: lóṣù kìíní, eruwà ti di igi, èròjà tó ń kọ́ ara nínú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, màlúù á máa jẹ á sì máa rù.

Ti igbó ló ń tan ènìyàn jù. Ojú á rí koríko, ẹnu á ní ilẹ̀ yìí kò lè gbé igi. Ní Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn oníṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta: apá kan, iná kò gbọdọ̀ débẹ̀, èkejì, wọ́n ń sun ún níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, ẹ̀kẹta, wọ́n ń dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ bí ìṣáná. Lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún, ibi tí iná kò dé ti di igbó, ibi tí wọ́n ń sun lópin ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí gbogbo rẹ̀. Torí náà, kí wọ́n tó kọ N fún igi, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ń sun ibẹ̀, àti ìgbà tó ń sun ún.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwòrán kò lè dáhùn. Ibi tó hàn bí òfìfo lórí máàpù lè jẹ́ ilẹ̀ ẹbí kan tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, igi emi rẹ̀ lè jẹ́ tàwọn obìnrin tó ń ṣa á láti fi ṣe òrí, ìlà tó gbà á kọjá sì lè jẹ́ ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò kí wọ́n tó bí ẹni tó ń ya máàpù. Níbí ni ọ̀pọ̀ máàpù tó rẹwà ti bàjẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń jókòó ti àgbẹ̀ àti darandaran pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń dúró nínú ihò lọ. Ihò náà, wọ́n á sì rọ́ ilẹ̀ padà sí i kí wọ́n tó kúrò, nítorí màlúù á gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́.