Falcatus

Falcatus jẹ́ ẹja kékeré ayé àtijọ́ kan tó jọ àkurákudà. Inú òkun ló gbé ní ìgbà Carboniferous, ó ti lé ní 320 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìran rẹ̀ sì ti run pátápátá. Falcatus falcatus ni irú tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, bíi rúlà tí ọmọ iléèwé fi ń fa ìlà. Ẹ̀gún ńlá kan tó yọ lẹ́yìn orí akọ ló sọ ọ́ di olókìkí: ẹ̀gún náà nàró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, tó wá na ṣóńṣó rẹ̀ sókè orí ẹja náà. Abo kò ní irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí wọ́n ṣe rí i

Látìnì ni orúkọ náà. Ohun tó tẹ̀ bíi dòjé ló túmọ̀ sí. Ẹ̀gún yẹn ni wọ́n sọ lórúkọ, torí òun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Lọ́dún 1883, Orestes St. John àti Amos Henry Worthen, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta fún ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ṣe àpèjúwe rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Physonemus falcatus. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà kí aráyé tó mọ bí ẹja tó ni ẹ̀gún náà ṣe rí.

Ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àkurákudà àti àwọn tó bá a tan kò ní egungun líle bíi ti ọ̀bọ̀kún tàbí ẹja àrọ̀. Kérékéré ni gbogbo egungun wọn, irú èyí tó wà ní etí àti imú èèyàn. Bí ẹja bá kú, kérékéré a máa jẹrà kí ilẹ̀ tó bò ó. Eyín àti ẹ̀gún ló sábà máa ń ṣẹ́ kù tí yóò di òkúta. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ẹja wọ̀nyí ló ní orúkọ nínú ìwé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ara wọn.

Montana, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni odidi ẹja náà ti jáde wá. Richard Lund, tó jẹ́ olùkọ́ ní Adelphi University ní New York, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1985, òun náà ló sì fún un ní orúkọ Falcatus tó ń jẹ́ dòní.

Ara rẹ̀

Ojú Falcatus tóbi ju bí orí rẹ̀ ṣe kéré lọ. Eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó gíga kan láàárín, pẹ̀lú àwọn kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Eyín tí wọ́n fi ń gbá ohun jíjẹ mú ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ìrù rẹ̀ là sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tó fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.

Lẹbẹ iwájú lórí ẹ̀yìn akọ ló yí padà di ẹ̀gún. Kò sí lára ọmọ ẹja. Ìgbà tí akọ bá dàgbà tó láti gun abo ló ń yọ. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ akọ àti abo ni ẹ̀gún náà wà fún, kì í ṣe ohun ìjà. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú pẹlẹbẹ òkúta kan láti Montana. Ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀, akọ kan àti abo kan, wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Abo fi ẹnu di ẹ̀gún akọ mú. Wọ́n kà á sí pé ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra, kí wọ́n tó gùn, ni ikú ká wọn mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí òkúta tó gbé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún wa.

Bear Gulch

Òkúta ẹfun Bear Gulch, nítòsí ìlú Lewistown ní àárín gbùngbùn Montana, ni wọ́n ti rí i. Yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ lónìí, òkun sì jìnnà réré sí i. Ní ayé Falcatus, apá òkun tí kò jìn ló wà níbẹ̀, nílẹ̀ olóoru tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń bo òkú ẹja kíákíá nísàlẹ̀ omi, ó sì di òkúta tó tò léra wọn bí ojú ìwé. Àwọn tó ń wá ẹja níbẹ̀ a máa là á ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí òkúta bá pín síbi tó dára, apá kan ẹja a lẹ̀ mọ́ ti òkè, apá kejì a lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó lé ní 100 irú ẹja tó ti jáde níbẹ̀, àmì iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọ̀ sì ṣì hàn lára àwọn kan.

Àwọn tó bá a tan

Ẹgbẹ́ Symmoriiformes ni wọ́n kà á mọ́, pẹ̀lú Stethacanthus, tí akọ rẹ̀ gbé ohun tó dà bíi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn, àti Damocles, tó ní irú ẹ̀gún kan náà, tí òun náà sì ti Bear Gulch jáde.

Bí Falcatus ṣe jọ àkurákudà tó, ó lè má jẹ́ pé àkurákudà ló bá tan jù. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú nǹkan láti wo agbárí Dwykaselachus, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí wọ́n rí ní agbègbè Karoo ní South Africa. Inú agbárí náà jọ ti chimaera, ẹja inú ibú tó ṣì wà láyé. Akọ chimaera ní ìkọ́ kékeré kan níwájú orí, òun ló fi ń di abo mú nígbà tó bá fẹ́ gùn ún.